Ìyá Mi àti Ọ̀rọ̀ náà Badante

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí agídí ń jẹ́, kí ó lọ wo ìyá mi lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ní Turin. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá ọ̀tún rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ wúwo, síbẹ̀ ojú tí ó fi ń wo àwo ọbẹ̀ tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ tó lé ajá sá. Kò jẹun. Àwọn nọ́ọ̀sì á fi ṣíbí sí i lọ́wọ́ òsì, á jẹ́ kí ó bọ́ sílẹ̀. Wọ́n á ní kí àwọn fi sí i lẹ́nu, á pa ẹnu dé. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló dé, "No" nìkan ni yóò sọ.

Dókítà pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní ó dà bí ẹni pé kò lè gbé oúnjẹ mì mọ́. Bí ọjọ́ Ajé bá dé tí kò tíì jẹun, àwọn á dá ihò sí ikùn rẹ̀, àwọn á máa fi rọ́bà gba ibẹ̀ fún un lóúnjẹ, láti ibẹ̀ ó di casa di riposo, ilé tí wọ́n ń kó àwọn arúgbó sí. Ìyá mi, tí kò tíì pé ọgọ́ta ọdún! Inú bí mi. Mo sọ fún dókítà pé màmá mi máa jẹun kí ọjọ́ Ajé tó dé. Mi ò mọ ọ̀nà tí mo máa gbà, ṣùgbọ́n mo wò ó lójú bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Italy ni wọ́n bí mi sí. Olúwarẹ̀mí ni orúkọ mi, ẹ̀kọ́ nípa èdè ni mò ń kọ́ ní yunifásítì ní Padua, ó sì ku díẹ̀ kí n parí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni iṣẹ́ ìwádìí mi dá lé: badante. Òun ni wọ́n ń pe ẹni tó ń tọ́jú arúgbó nínú ilé onílé. Iṣẹ́ tí ìyá mi fi tọ́ mi nìyẹn, ṣùgbọ́n kò fẹ́ gbọ́ orúkọ náà sétí; lójú tirẹ̀, orúkọ ẹrú ni. Bí wọ́n bá bi í ní ṣọ́ọ̀ṣì pé iṣẹ́ wo ni ó ń ṣe, á ní òun wà ní sanità, bí ẹni pé òun ni mínísítà ìlera.

Ní ọ̀sán Sàtídé, mo fa àga sún mọ́ ọn.

"Mamma, perché non mangi? Kí ló dé tí ẹ ò jẹun?"

"Ọwọ́ wo ni wọ́n ní kí n fi jẹ ẹ́?" Ó gbé ọwọ́ òsì sókè díẹ̀. "Eléyìí? Ṣé o rí mi rí kí n fi òsì jẹun?"

Ojú tì mí. Ìyá mi yìí kan náà ló máa ń gbá mi lọ́wọ́ ní kékeré bí mo bá fi òsì mú ṣíbí. Àwọn òyìnbó ní kò lè gbé oúnjẹ mì, èmi ọmọ Yorùbá sì gbà wọ́n gbọ́!

"Ó dáa, màámi. Èmi ni mo máa fún yín lóúnjẹ."

"Kò ṣeé ṣe. Èmi ni mo bí ọ, ìwọ kọ́ lo bí mi."

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti jogún agídí tèmi náà. Mo fa ohun ìjà mi yọ.

"Màámi, ṣé ẹ mọ ibi tí badante ti wá? Inú badare ni, kéèyàn máa ṣọ́ nǹkan. Badare yẹn náà, inú Látìnì ló ti wá, batare. Kéèyàn la ẹnu sílẹ̀."

"Kó la ẹnu ṣe kí ni?"

"Ẹni tó bá ń wo nǹkan gan-an, ẹnu ẹ̀ máa là láìmọ̀. Ìyẹn ni wọ́n wá fi ń pe ẹni tó dúró ti èèyàn, tí kò gbójú kúrò lára ẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹrú, màámi. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni."



"Òótọ́ ni," ó ní. "Signora, ìyá arúgbó tí mo tọ́jú gbẹ̀yìn yẹn, bí mo bá ti gbé ṣíbí lọ sẹ́nu ẹ̀, ẹnu tèmi ló máa kọ́kọ́ là. Ọmọ ẹ̀ á máa fi mí rẹ́rìn-ín."

Mo rò pé ọwọ́ mi ti tẹ̀ ẹ́.

"Ṣé ẹ rí i? Ẹ jẹ́ kí n ṣe badante yín. Basta, ó tó gẹ́ẹ́ fún Padua. Mo máa fi yunifásítì sílẹ̀, ká jọ máa wà nílé. Ìgbàkígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ jẹun, mo wà ńbẹ̀."

Mi ò ṣàwàdà rárá. Mo ti rò ó, ó dùn mí, mo sì ti pinnu.

Ojú ìyá mi yí padà.

"Kí o wá máa la ẹnu sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi?" Ó ń fa ọ̀rọ̀ náà yọ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí èyíkéyìí bọ́. "Gbogbo ọdún tí mo fi la ẹnu sílẹ̀ nílé onílé, torí kí ìwọ má baà là á ni. Gbé àwo yẹn wá."

Mo gbé e wá.

Ó fi ọwọ́ òsì mú ṣíbí. Ó kọ́kọ́ yíjú sí ìyá òyìnbó tó ń jẹun lórí bẹ́ẹ̀dì kejì, ó ní, "Ẹ má bínú o, òsì ni mo fẹ́ fi jẹun." Obìnrin náà ò gbọ́ Yorùbá, ó kàn mi orí. Màmá mi bu ọbẹ̀, ó gbé e sókè. Ọbẹ̀ dà sí i láyà. Mo na ọwọ́ láti ràn án lọ́wọ́, ó wò mí, mo fà á padà. Ó tún bù ú. Èyí dé ẹnu rẹ̀. Ó gbé e mì. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó tún bu òmíràn.

"Ẹnu ẹ," ó ní.

Mi ò mọ̀ pé ẹnu mi ti là gbàgà, bí mo ṣe ń wo ṣíbí náà.

"Pa á dé," ìyá mi wí. "Lọ wọ ọkọ̀ ojú irin ẹ. Padua jìnnà."