Ọ̀rọ̀ Pupa Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àpótí

Fọ́ọ̀mù náà tóbi tó ògiri pálọ̀ wa ní Ìwó, ibi tí ògiri yẹn wà tẹ́lẹ̀ náà ló sì dúró sí. Àpótí funfun ló kún ara rẹ̀ látòkè délẹ̀, mo sì ń fi ìka kọ ọ̀rọ̀ sínú wọn. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. Apá ti ń ro mí dé èjìká. Bí mo bá kọ ọ́ tán, tí mo tẹ bọ́tìnnì tó wà nísàlẹ̀, òrùlé á sọ pé, "Àṣìṣe wà ńbẹ̀," gbogbo ohun tí mo kọ á sì parẹ́. Kì í sọ ibi tí àṣìṣe náà wà. Mo tún bẹ̀rẹ̀ látòkè.

Rọ́fíátù ọmọ mi wà ní Kánádà. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù, kò sì sí ẹni tí yóò bá a wẹ ọmọ. Bí wọn kò bá gba fọ́ọ̀mù físà náà, mi ò lè rìnrìn àjò. Gbogbo àga inú pálọ̀ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ nígbà tí mo bá ń kọ̀wé.

Ìyá mi wọlé láti ẹ̀yìnkùlé. Wúràmọ́tù lorúkọ wọn, wọ́n ti kú láti ìgbà tí Rọ́fíátù ṣì wà níléèwé. Wọ́n sọ ọpọ́n kan kalẹ̀ lórí. Ọ̀rọ̀ pupa ló kún inú rẹ̀, wọ́n tínrín, wọ́n ń mí díẹ̀díẹ̀ bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lódò. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn.

"Ẹ kú àbọ̀, Màámi."

"Sídíkátù, ó ti rẹ̀ ọ́," ni wọ́n wí. "Ó ti rẹ èmi náà."

Nígbà ayé wọn, fìlà ni wọ́n ń rán, àwọn ni wọ́n sì kọ́ mi. Bí mo bá rán èyí tí kò dáa, wọ́n á jù ú sí mi lẹ́sẹ̀, wọ́n á ní, "Tú u." Wọn kì í fi ibi tó bàjẹ́ hàn mí. Gbogbo rẹ̀ ni mo máa ń tú, ojú mi á sì máa ṣomi. Ṣùgbọ́n báyìí, wọ́n mú ọ̀rọ̀ pupa kan nínú ọpọ́n, wọ́n tutọ́ sí i lẹ́yìn, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpótí tí mo kọ orúkọ sí. Ọ̀rọ̀ náà ní, "Ẹ ò tíì kọ orúkọ bàbá yín." Mo kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà gbẹ, ó re bí ewé. Mo dúró, mò ń wo àwọn àpótí yòókù. Wọn ò parẹ́.

Nígbà tí a fi máa dé ibi ọjọ́ ìbí, pálọ̀ náà ti di yàrá ìgbẹ̀bí, àwọn bẹ́ẹ̀dì sì dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wọn kí a lè ráyè kọjá. Ọ̀rọ̀ tí ìyá mi lẹ̀ mọ́bẹ̀ ní, "Ọjọ́ yìí kò tíì dé." Mo wo ohun tí mo kọ. Ọdún tó ń bọ̀ ni mo kọ pé wọ́n bí mi.

"Màámi, ọjọ́ wo lẹ bí mi?"

"Ọjọ́ tí òjò gbé afárá lọ. Ìwọ lo kọ́kọ́ sunkún, òjò wá tẹ̀ lé ọ."

Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àpótí náà gbà á.

Ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà fóònù ni wọ́n lẹ èyí tó kàn mọ́: "Ó ku nọ́ńbà kan." Mo rí nọ́ńbà náà lábẹ́ ìrọ̀rí, ó ti sùn. Bí mo ṣe fi í síbẹ̀, àpótí náà dún, ohùn Rọ́fíátù sì jáde.

"Màámi, ṣé ẹ ti gbéra?"

"Mò ń bọ̀. Ìyá àgbà rẹ wà níbí, wọ́n ń bá mi ṣe é."

"Ẹ ní kí wọ́n jókòó. Mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí."

Wọn ò jókòó. Àpótí tó kẹ́yìn béèrè pé, "Ṣé ìyá yín wà láàyè?" Mo kọ "Rárá." Ìyá mi di ìbàdí mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n lẹ ọ̀rọ̀ kan mọ́ ọn: "Ẹ tún un wò." Mo wò wọ́n. Mo pa á rẹ́, mo kọ "Bẹ́ẹ̀ ni." Wọ́n lẹ òmíràn mọ́ ọn: "Ẹ tún un wò."

"Màámi, kí ni kí n kọ?"

"Èmi kọ́ ni mò ń kọ ọ̀rọ̀ pupa wọ̀nyí," ni wọ́n wí. "Ibi tí wọ́n máa wà ni mò ń gbé wọn sí. Ká ní mo mọ̀ ọ́n ṣe nígbà tí a jọ ń rán fìlà ni."

Mo fi etí ìró mi nu àpótí náà, mo fi í sílẹ̀ lófìfo. Ọ̀rọ̀ méjèèjì re. Ọpọ́n ti ṣófo. Ìyá mi wọ inú àpótí náà, wọ́n fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ó bá gígùn wọn mu rẹ́gí. Wọ́n kọ̀yìn sí mi.

"Tẹ̀ ẹ́," ni wọ́n wí.

Mo tẹ bọ́tìnnì. Òrùlé ò sọ nǹkan kan. Fọ́ọ̀mù náà ṣí bí ilẹ̀kùn, òkun ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí ń fi ìgbálẹ̀ gbá omi náà sápá kan, ó ti gbá ọ̀nà kan jáde láàárín rẹ̀, ọ̀nà náà sì lọ títí ojú mi ò fi ká a mọ́. Mo ká ìró mi sókè, mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Obìnrin náà ò bojú wẹ̀yìn.

"Ẹ kú àárẹ̀, mà," ó ní. "Ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀ ṣì tutù."

Mo dúró lórí ẹsẹ̀ kan, mò ń retí kó gbẹ.