Ẹni Tó Ń Gbá Ṣọ́bìrì Nínú Òjìji

Ìtọ̀ ló pa ọkọ mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín; èmi nìkan ni mo láṣẹ àtirẹ́rìn-ín sí i.

Ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, lórí òkè wa yìí ní Kòlórádò, ìtọ̀ gbọ̀n mí débi pé mo ní kí Orval gbẹ́ kòtò tá a fi ń dán yìnyín wò bóyá ó máa ya síbi tá a dúró sí nínú oòrùn, dípò ẹ̀gbẹ́ òjìji tá a fẹ́ fi pákó ẹsẹ̀ yọ̀ gbà sọ̀kalẹ̀. Ó gbé ṣọ́bìrì lé òpó yìnyín tó gé, ó fi ọwọ́ gbá a, òpó náà dúró gbọn-in. Mo ṣì ń fa ṣòkòtò mẹ́ta bọ ìdí ńlá mi yìí nígbà tó wọnú òjìji. Yìnyín ya, ó gbé e lọ.

N kò sọ ti ìtọ̀ yẹn fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Tamsin ọmọ ọmọ mi ní ibẹ̀ gan-an lòun fẹ́ yọ̀ gbà. Mo tẹ̀ lé e. Ó ní mò ń mí bí ẹṣin tó ń rọbí. Inú oòrùn lòun náà gbẹ́ kòtò sí, torí ibẹ̀ rọrùn. Ó gé òpó yìnyín tirẹ̀, ó gbé ṣọ́bìrì lé e lórí, ó fi ọwọ́ gbá a lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láti ọrùn ọwọ́, mẹ́wàá láti ìgúnpá, mẹ́wàá láti èjìká. Òpó kò ya.

“Màmá, ó dúró. Mo ti ń lọ nìyẹn.”

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀, ìtìjú dì mí lẹ́nu. Ìgbà náà la gbọ́ ọ nínú òjìji: gbì, gbì, gbì. Kò sí ipa ẹsẹ̀ kankan níbẹ̀.

Tamsin dúró. “Ta ló ń gbá ṣọ́bìrì lọ́hùn-ún?”

“Bàbá rẹ àgbà ni.”

Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan ti ṣòkòtò. Kò rẹ́rìn-ín. A lọ gbẹ́ òmíràn létí òjìji, níbi tí òkè kò ti dagẹ̀rẹ̀ púpọ̀. Ó gbá a lẹ́ẹ̀mẹ́ta péré láti ọrùn ọwọ́, òpó yọ sọ́wọ́ wa. Yìnyín abẹ́ rẹ̀ ṣe wóró-wóró bíi ṣúgà, kò dì mọ́ra rárá. Tamsin ká ẹrù rẹ̀, kò yọ̀ mọ́.

A ti ń padà lọ sílé nígbà tí gbígbá náà tún bẹ̀rẹ̀.

“Màmá, ẹ sọ fún un pé a ti gbọ́.”

Mo pariwo orúkọ ọkọ mi títí ohùn mi fi há. Kò dáwọ́ dúró. À ń lọ, ó ń gbá a.