Ọwọ́ Íńṣì Mẹ́wàá Ààbọ̀

"Bí bọ́ọ̀lù bá já bọ́ lọ́wọ́ ọmọ yìí nínú yìnyín, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lọ́wọ́ mi, kí n máa lọ sílé!"

Verlin Tackett ló wí bẹ́ẹ̀, ó sì gbá tábìlì ọ̀gá ẹ̀ gbàà. Ogún ọdún ló ti fi ń wá agbábọ́ọ̀lù kiri àwọn yunifásítì fún Duluth, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fọwọ́ jù, kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn. Lọ́dún yìí, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ ti ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun, àwọn ni yóò kọ́kọ́ mú ẹni tó wù wọ́n, kọ́tábáàkì, ẹni tí í ju bọ́ọ̀lù, ni wọ́n sì ń wá. Ní Duluth, níbi tí atẹ́gùn adágún ti ń sọ ìka di igi, gígùn ọwọ́, láti àtàǹpàkò dé ọmọńdinrín, ni wọ́n fi ń mọ kọ́tábáàkì.

Deshler Boone, ọmọ tí Verlin ń sọ, kò lọ síbi àyẹ̀wò gbogboogbò ní Indianapolis, níbi tí wọ́n ti ń wọn ọwọ́ àwọn tó fẹ́ wọ ẹgbẹ́. Àwọn tí òkìkí wọn ti kàn kì í lọ. Verlin ló lọ bá a nílé ní Texas, tòun ti rúlà onígi tí bàbá ẹ̀ fi sílẹ̀.

"Íńṣì mẹ́wàá ààbọ̀! Àfi bí ṣọ́bìrì ìkóyìnyín!"

Lundquist, ọ̀gá wọn, gbà. Wọ́n mú Boone. Nígbà tí yíyàn ń parí lọ, wọ́n mú Marcus Yoder kún un, ọmọ tí wọ́n wọn ọwọ́ ẹ̀ ní Indianapolis, tí kò ju mẹ́sàn-án ààbọ̀ lọ. Verlin rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. "Eléyìí? Ọwọ́ ìkọ̀wé ni!"

Oṣù kọkànlá dé, yìnyín bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni bọ́ọ̀lù já bọ́ lọ́wọ́ Boone kí wọ́n tó lọ sinmi ìdajì eré. Lundquist na àtẹ́lẹwọ́.

"Kọ́kọ́rọ́ dà?"

Verlin fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Ni Yoder bá wọ pápá dípò Boone. Ọmọ ọlọ́wọ́ kékeré ń ju bọ́ọ̀lù bí ẹni ń ju òkò sẹ́yẹ! Duluth borí.

"Ṣé mi ò wí!" Verlin pariwo. "Ta ló kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀? Ṣebí èmi ni!"

"Ìwọ tó o fi í rẹ́rìn-ín?"

"Ẹ̀rín ayọ̀ ni, Ọ̀gá."

Lundquist dá kọ́kọ́rọ́ padà. Ó ní láti ọdún tó ń bọ̀, ọwọ́ kékeré nìkan ni kí wọ́n máa wá.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, oòrùn ràn, ilẹ̀ gbẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Yoder sọ bọ́ọ̀lù nù. Wọ́n dá Boone padà sórí pápá, ó sì gba eré náà là. Lundquist di orí mú.

"Verlin, ọwọ́ wo gan-an la fẹ́?"

Orí Verlin náà ti dàrú. "Bóyá èyí tó gùn, bí oòrùn bá ràn?"

"Mú kọ́kọ́rọ́ wá!"

"Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká tún ọwọ́ wọn wọ̀n ná!"

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, nínú yàrá ìmúra, Boone tẹ́ ọwọ́ lé rúlà Verlin: mẹ́wàá ààbọ̀. Verlin mí kanlẹ̀. Yoder tẹ́ tiẹ̀: mẹ́wàá ààbọ̀.

Verlin tún un kà lẹ́ẹ̀mejì.

"Ọwọ́ ẹ ti gùn sí i!" ni Verlin wí.

"Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí, sà. Kò síbi tó tún ń gùn lára mi."

Lundquist tẹ́ ọwọ́ tiẹ̀ náà sí i. "Mọ́kànlá! Èmi rèé!" Ó ń wo ọwọ́ ara ẹ̀ bí ẹni tí ìyá ẹ̀ ti fi òótọ́ pamọ́ fún.

Dolores Pruitt, màmá tó ń tọ́jú aṣọ àwọn agbábọ́ọ̀lù, ń gbé apẹ̀rẹ̀ ìbọ̀sẹ̀ kọjá. Ó mú rúlà, ó yí i wò.

"Orí oókan ni tiyín ti bẹ̀rẹ̀. Òdo dà? Eyín ajá nìyí."

Verlin rántí ajá ẹ̀. Rúlà Indianapolis pé. Èyí tó fi wọn Boone ni ajá ti jẹ íńṣì kan lórí ẹ̀. Mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni ọwọ́ àwọn méjèèjì! Fúnra ẹ̀ ló yọ kọ́kọ́rọ́, ó nà án sí ọ̀gá.

Lundquist kò gbà á. "Dúró ná. Bí ọwọ́ wọn bá dọ́gba, kí ló dé tí ọ̀kan fi... tí èkejì náà tún...? Ta ni mo tiẹ̀ fẹ́ lé gan-an?"

"Ìwọ̀n ìbọ̀wọ́ kan náà ni mò ń fún wọn láti oṣù kẹjọ," ni Dolores wí, ó gbé apẹ̀rẹ̀ ẹ̀. "Kò sẹ́ni tó bi mí."