Ọkùnrin Tó Pọn Mísì Rúùtù Kọjá Odò

Nígbà tí Mísì Rúùtù kọ́kọ́ dé ilé wa ní Òkè-Ìlá, l'Ádó-Èkìtì, ìyá ọkọ mi ṣì wà láyé. Ọlátúndé ọkọ mi ṣì wà láyé. Àbúrò mi obìnrin tó kú sí Ìyìn pàápàá ṣì ń bá mi pọnmi láràárọ̀. Gbogbo wọn ti lọ. Nínú àwọn tó mọ Mísì Rúùtù dáadáa, àwa mẹ́ta péré ló kù ní Kérésìmesì tó kọjá: èmi, Ajíbádé ará ilé kejì, àti àbúrò ọkọ mi, Ayọ̀rìndé. Kí àwọn àgbà ilé má bínú sí mi pé mo pe orúkọ ọmọ ọkọ. Ìwé ni mo fi kọ ọ́, n kò fi ẹnu pè é. Bàbá Dùnmínínú ni mo ń pè é láti ìgbà tó ti bí àkọ́bí rẹ̀. Òun náà kò yé pè mí ní "Ìyàwó", bẹ́ẹ̀ mo ti ń lọ sí ọgọ́rin ọdún.

Ọmọ Sìkọ́tílándì ni Mísì Rúùtù. Ó wá kọ́ àwọn ọmọbìnrin níwèé. Ilé tí wọ́n ń kọ́ fún un nínú ọgbà ilé-ìwé kò tíì parí, ni ọkọ mi, tí òun náà jẹ́ tíṣà, bá ní kó wá lo yàrá kan lọ́dọ̀ wa. Ọdún méjì ló lò. Ilé ìdáná mi ló ti kọ́ Yorùbá. Á jókòó sórí àpótí, èéfín á máa mú un lójú, omi á máa dà lójú rẹ̀, síbẹ̀ á máa bi mí pé, "Kí ni ẹ ń pe èyí?" Ohun tí mo bá pè é ni òun náà ń pè é. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ mi, òun náà á kúnlẹ̀. Ìyá ọkọ mi á ní, "Ìyàwó méjì l'Ọlọ́run fún mi, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan pupa."

Bàbá Dùnmínínú ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríìdọ́ọ̀mù iṣẹ́ káfíńtà nígbà náà. Lákòókò òjò ọdún kejì, òun àti Mísì Rúùtù lọ sí Ìjan láti wo ìyá ọmọ ilé-ìwé kan tí ara rẹ̀ kò yá. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, odò ti bo afárá. Bàbá Dùnmínínú sọ fún wa pé òun pọn ọ́n, òun sì rìn ín kọjá, omi dé òun láyà. Ṣùgbọ́n ibà ti gbé Mísì Rúùtù dè kí wọ́n tó délé. Kò lè sọ̀rọ̀. Ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé e lọ, láti ibẹ̀ sì ni wọ́n ti dá a padà sílùú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò rí i bi.

Ajíbádé kò gbà á gbọ́ rárá. "Urọ́ ni! Ìwọ tí pákó ìrókò kan ń mú mí hẹ̀ẹ̀ hẹ̀ẹ̀, òyìnbó lo pọ̀n?"

Eré ló fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó di àṣà ní àdúgbò wa. Bí ẹnì kan bá parọ́, wọ́n á ní, "Ó tún ti pọn òyìnbó." Àwọn ọmọ tí kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá gan-an ń sọ ọ́. Bàbá Dùnmínínú máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n dárúkọ rẹ̀ fún ìgbìmọ̀ ìjọ, ẹnì kan sọ ọ́ kẹ́lẹ́ láti ẹ̀yìn, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì sì rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó ní òun kò ṣe. Orí ìjókòó tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn ni wọ́n ti ń fi í ṣẹ̀sín o.

Lọ́dún tó kọjá, Olúwabùsáyọ̀ ọmọ ọmọ mi, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Sìkọ́tílándì, wálé ọdún Kérésìmesì. Ó gbé ìwé kan lé mi lẹ́sẹ̀. Ó ní níbi tí wọ́n ti ń ta ìwé àlòkù lọ́hùn-ún, wọ́n ya pẹpẹ kan sọ́tọ̀ fún ìwé àwọn tó lọ gbé ní ilẹ̀ onílẹ̀: ẹni tó gbé ní Íńdíà, ẹni tó gbé ní Ṣáínà. Òun tí òun náà jẹ́ àlejò níbẹ̀, ó máa ń rà wọ́n kà kó lè mọ bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ṣe é. Ló bá rí ọ̀kan tí wọ́n kọ Adó-Èkìtì sí lára. Mísì Rúùtù ló kọ ọ́ kó tó kú. Àwòrán rẹ̀ wà níbẹ̀, ìró àdìrẹ mi ló ró!

Bàbá Dùnmínínú gbọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú nígbà náà, àyà sì ń dùn ún, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀pá tilẹ̀ wá.

"Bùsáyọ̀, bá mi wo orúkọ mi níbẹ̀."

Ọmọ náà ṣí ẹ̀yìn ìwé, níbi tí wọ́n to orúkọ gbogbo sí. Ó fi ìka tọ́ ọ sókè sódò.

"Bàbá, kò sí o."

"Wò ó dáadáa."

"Mo ti wò ó, sà. Kò sí Ayọ̀rìndé kankan."

Ó ní, "Ó dáa." Ó yí padà lọ sí yàrá rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò jáde. Dùnmínínú wá bá mi: "Màmá, bàbá mi kò jẹun. Wọ́n ní a ó kọ ọ́ sórí sàréè àwọn pé opùrọ́ ló sùn síbẹ̀."

Èmi kò kàwé púpọ̀. Bíbélì ni mò ń kà, mo sì ń fi ìka tọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé a kì í ka ìwé láti ìdí. Mo ní, "Bùsáyọ̀, jókòó. Kà á láti ìbẹ̀rẹ̀, máa sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá."

"Màmá àgbà! Ó ju ọ̀ọ́dúnrún ojú ewé lọ o."

"Ṣé ọkọ̀ òfuurufú ń dúró dè ọ́ lẹ́nu ọ̀nà ni?"

Ó kà á. Èéfín ilé ìdáná mi wà níbẹ̀. Ìyá ọkọ mi wà níbẹ̀, tí ó ń bú adìyẹ. Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ náà kà á dé ibi kan: "Odò ti bo afárá. Agùntáṣọọ́lò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní kí n gun òun lẹ́yìn. Omi dé e láyà. Ó ń kọrin ìyìn sókè kí ẹ̀rù má bàa bà mí." Ó gbé ojú sókè. "Màmá àgbà, ta ni Agùntáṣọọ́lò?"

Mo figbe ta.

Nílẹ̀ wa, ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Orúkọ mìíràn ló máa fún un. Ọmọkùnrin yẹn ga, aṣọ sì máa ń yẹ ẹ́, ni mo ṣe sọ ọ́ ní Agùntáṣọọ́lò lọ́sẹ̀ tí mo wọlé. Nígbà tó bí Dùnmínínú ni mo fi orúkọ náà sílẹ̀. Àwọn ọmọ wa kò gbọ́ ọ rí. Mísì Rúùtù sì ti kọ ọ́ sísàlẹ̀ ojú ewé náà pé, "Ìyá ní ìyàwó ilé ni èmi náà. Nítorí náà n kò ní pe orúkọ rẹ̀ níhìn-ín." Òyìnbó tó ti padà sílé láti ọjọ́ yìí, ó ṣì ń bọ̀wọ̀ fún ọmọ ọkọ!

A gbé ìwé lọ sí yàrá. Bùsáyọ̀ kà á. Bàbá Dùnmínínú dìde jókòó.

"Tún un kà."

Ó tún un kà.

"Ìyàwó, ẹ bá mi pe Ajíbádé."

Ajíbádé ti jẹ ọ̀gá ilé-ìwé rí. Kò gbà kí ọmọdé kà á fún òun. Ó wọ awò ojú, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ètè rẹ̀ ń mì. Lẹ́yìn náà ó ṣí fìlà.

"Ayọ̀rìndé, mo jẹ̀bi."

"Tún un sọ, etí mi ti di."

"Mo ní mo jẹ̀bi! Ìwọ náà, kí ló dé tí o kò tètè mú ẹlẹ́rìí wá?"

Àwa tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí. Bàbá Dùnmínínú ní kí n gún iyán. Lọ́jọ́ Ìsinmi, àlùfáà ní kí Ajíbádé ka ojú ewé náà lẹ́yìn ìfilọ̀. Bàbá Dùnmínínú fi ọ̀pá dìde nígbà tó kà á tán, ṣọ́ọ̀ṣì sì pàtẹ́wọ́ fún un. Mo wo àwọn àgbà tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́sí, mo sì gbé orí mi sókè láàárín wọn.

Láti ìgbà náà Ajíbádé ló ń ròyìn rẹ̀ kiri, bí ẹni pé òun náà wà nínú odò náà. Lóṣù kẹta, ó rí ọkùnrin kan láti Ìjan, ọmọ obìnrin tí wọ́n lọ wò lọ́jọ́ náà. Ó ní òun máa mú un wá kí Bàbá Dùnmínínú ní ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ Ajé pé. Bàbá Dùnmínínú wẹ̀ ní kùtùkùtù, ó wọ aṣọ òkè rẹ̀, ó ní kí n gbé àga méjì sí iwájú òun. Mo wọlé lọ bu ẹ̀pà. Nígbà tí mo gbọ́ ohùn Ajíbádé lẹ́nu ọ̀nà, "Ẹ kú ulé o, a ti dé o!", mo jáde, mo bá Bàbá Dùnmínínú lórí ìjókòó, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ìtan, ojú rẹ̀ kọ sí ẹnu ọ̀nà. Ó ti lọ.