Àgbá Tí Alec Stronach Fi Sílẹ̀

Ọdún méjìlélógún gbáko ni Netta Laing fi kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé kan ṣoṣo. Lọ́dọọdún, bí oṣù kẹsàn-án bá ti ń parí lọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Dod Stronach, á kọ lẹ́tà sí i láti Corrieburn. Netta á rí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ lára àpòòwé, á sì sọ ọ́ sínú iná láìṣí i wò. Ìlú Keith ló ń gbé. Bọ́ọ̀sì kì í lò ju ìdajì wákàtí lọ láti Keith dé Corrieburn, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin bàbá wọn, kò tẹsẹ̀ bọ ibẹ̀ mọ́.

Alec Stronach, bàbá wọn, ló ń kan àgbá fún ilé ìpọntí Corrieburn. Ní ọdún 1976, tó pé ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́, àwọn ọ̀gá ní kó yan àgbá kan kó fi wisikí tuntun kún un, kó di tirẹ̀. Àgbá tó ti gbé wáìnì ṣẹ́rì wá láti Sípéènì ló yàn. Ó ní nínú gbogbo àgbá tó ti gba abẹ́ ọwọ́ òun kọjá, kò sí èyí tí igi rẹ̀ ń ta sánsán tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ń kú lọ, orúkọ ọmọ rẹ̀ méjèèjì ló fi àgbá náà sí, ó sì ní kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ rọ ọ́ sígò àfi tí ẹnì kejì bá fọwọ́ sí i. Bóyá ó rò pé àgbá náà á bá òun parí ìjà àárín wọn. Kò bá a parí ẹ̀.

Orí Lewie, ọkọ Netta, ni ìjà náà dá lé. Inú ilé ìtọ́jú ọtí ni Lewie ti ń ṣiṣẹ́, Dod sì ni ọ̀gá rẹ̀ níbẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, kò sí ọkùnrin kan níbẹ̀ tí kò ní ọ̀pá bàbà tóóró kan tó fi ń jí ọtí bù. Okùn ni wọ́n fi ń so ó kọ́ sínú ṣòkòtò, wọ́n sì ń pè é ní ajá, nítorí kì í fi olówó rẹ̀ sílẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1991, Dod wọ ọ́fíìsì lọ, ó ní Lewie Laing ní ajá lára. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti lé Lewie jáde lẹ́yìn ọdún mọ́kàndínlógún. Ẹnikẹ́ni kò gbà á síṣẹ́ gidi mọ́. Ó wa ọ̀dùnkún, ó gbá títì, ó sì kú lẹ́ni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta. Láti ọjọ́ tí àgbá náà ti di tiwọn ni Netta ti sọ ọ́ lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí Lewie kò bá lè mu nínú àgbá yẹn, Dod náà kò ní mu ún.

Netta mọ ohun tó ń fi du ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ nínú yàrá ìtọ́wò ilé ìpọntí mìíràn ní Keith, wọ́n sì mọ imú rẹ̀ káàkiri àfonífojì odò Spey. Bó bá gbọ́ òórùn ọtí lẹ́ẹ̀kan, á sọ irú igi tó sùn nínú rẹ̀ fún ọ, á sì sọ bóyá ẹ̀gbẹ́ ògiri tútù ló wà tàbí òkè lábẹ́ òrùlé.

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá ọdún 2019 ni Rhoda, ìyàwó Dod, pè é lórí fóònù.

"Netta, èmi ni. Má tíì gbé e sílẹ̀. Jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun ló ń ṣe Dod. Àwọn dókítà ti fi ẹ̀rọ jó o jó o, kò gbọ́ òórùn, kò mọ adùn oúnjẹ lẹ́nu mọ́. Wọ́n ní kò ní rí Kérésìmesì."

Netta kò gbé fóònù sílẹ̀.

"Ó ní kí n má bẹ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n mo ń bẹ̀ ọ́."

"Ọjọ́bọ̀," ni Netta wí, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, òjò wínníwínní ń rọ̀ nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Corrieburn. Catriona Gauld, ọ̀dọ́bìnrin tó ń bójú tó ilé ìtọ́jú ọtí nísinsìnyí, ló mú un wọlé. Dod ti jókòó sórí àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá bàbá wọn, ó fi ìbòrùn wé ọrùn. Aṣọ ara rẹ̀ fẹ̀ jù ú lọ bí ẹni pé ó yá a wọ̀ ni.

"O pẹ́," ni Dod wí. Ohùn rẹ̀ ti há.

"Bọ́ọ̀sì ló pẹ́."

"Ọdún méjìlélógún ni bọ́ọ̀sì yẹn fi pẹ́."

"Tó bá jẹ́ pé o pè mí wá kó o lè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, òmíràn ń padà lọ ní aago méjìlá."

Catriona wúkọ́ díẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin méjèèjì, òtútù ń mú níbí. Ṣé kí n ṣí i?"

Ó fi òòlù onígi lu ẹ̀gbẹ́ èdídí ẹnu àgbá náà títí ó fi yọ. Ó ki ọ̀pá gígùn bọ̀ ọ́ nínú, ó fa ọtí sókè, ó dà á sínú gílàsì gíga, ó sì sọ òṣùwọ̀n tó ń wọn agbára ọtí sínú rẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wo òṣùwọ̀n náà bó ṣe ń mì. Nígbà tó dúró, Catriona bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà.

"Ó ti bọ́ sí méjìdínlógójì nínú ọgọ́rùn-ún," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Ẹ má bínú. Ọtí tó bá ti wálẹ̀ ju ogójì lọ, òfin ò jẹ́ ká pè é ní wisikí mọ́. A ò lè rọ ọ́ sígò."

Dod mi orí. Kò jọ pé ó yà á lẹ́nu. "Èsì ọdún tó kọjá kù díẹ̀ kó já sí ogójì. Tọdún márùn-ún sẹ́yìn ṣì dára. Gbogbo ẹ̀ ni mo ń kọ sí ọ, Netta. Mo ní agbára rẹ̀ ń gba ara igi lọ díẹ̀díẹ̀, àsìkò ń lọ."

"Mi ò kà á."

"Ìkankan?"

"Ìkankan."

Ó rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì gbé e. Catriona ní òun ń lọ mú ìwé wá, ó fi wọ́n sílẹ̀. Nígbà tí ikọ́ náà lọ lẹ̀, Dod ní, "Mo mọ̀ pé nítorí Lewie ni."

"Má pe orúkọ rẹ̀."

"Ó ní ajá lára, Netta."

"Gbogbo yín lẹ ní in! Ìwọ náà ní tìrẹ. Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni?"

"Mo ní in." Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Àwọn ọ̀gá ní ọtí ń dín jù, wọ́n ní kí n mú ẹnì kan wá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn á tú gbogbo wa wò. Mo ro gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí mo bá fa Geordie lé wọn lọ́wọ́, á ní Dod náà ń bù. Ẹni yòówù kí n fà, á fà mí. Lewie nìkan ni kò ní ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ìwọ. Ìdí tí mo fi mú un nìyẹn."

Netta di etí àgbá náà mú.

"Ó sì mọ̀?"

"Ó mọ̀. Ojú ló fi wò mí, kò sọ nǹkan kan. Kò sọ fún ọ?"

Kò sọ fún un. Ọdún mẹ́rìnlá ni Lewie lò lẹ́yìn náà, tó ń jókòó níwájú iná pẹ̀lú ọwọ́ tó ti bó nítorí ọ̀dùnkún, tí Netta ń ṣépè fún Dod létí rẹ̀, ohun tó sì máa ń sọ kò ju pé, "Fi sílẹ̀, ọmọbìnrin. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni."

"Mi ò ní kó o dárí jì mí," Dod ní. "Ohun kan ni mo fẹ́. Bàbá ní ọtí yìí ló máa dára jù lọ nínú gbogbo èyí tó gba ọwọ́ òun kọjá. Mi ò lè mọ̀ ọ́n mọ́, ahọ́n mi ti kú. Tọ́ ọ wò fún mi. Sọ bó ṣe rí fún mi."

Catriona ti padà dé. Ó bu díẹ̀ sínú gílàsì kékeré méjì, ó fún Netta ní ọ̀kan, ó mú ọ̀kan fún ara rẹ̀.

Ọtí náà pọ́n dúdú bí oyin àtijọ́. Netta gbé e sẹ́nu imú, ó sì gbàgbé ibi tó wà. Èso àjàrà gbígbẹ ló kọ́kọ́ dé, tẹ̀ lé e ni èèpo ọsàn tí ìyá wọn máa ń sè pẹ̀lú ṣúgà lóṣù kìn-ín-ní, tí fèrèsé ilé ìdáná á fi làágùn. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ òórùn ìda tí wọ́n fi ń nu ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì, àti lábẹ́ gbogbo rẹ̀, awọ: awọ tí Alec máa ń so mọ́yà tó bá ń kan àgbá, tí òun àti Dod jọ máa ń fà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà lálẹ́. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà, òórùn ọtí kan kò dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó wá mu ún. Adùn kékeré kan fọwọ́ kan ahọ́n rẹ̀, kò dúró. Igi ti gba ìyókù. Ó korò bí tíì tó ti wà lórí sítóòfù láti àárọ̀, ó sì fún un lẹ́nu bí ẹni tó jẹ àsálà tán tó mu omi lé e.

Dod tẹjú mọ́ ọn. Ó ti nà síwájú lórí àpótí náà, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fún lóúnjẹ.

"Ó korò," ni Netta wí.

"Ẹnu nìyẹn. Òórùn rẹ̀ ńkọ́?"

"Kò sí nǹkan níbẹ̀."

"Kò sí nǹkan kan rárá?"

"Igi ni, Dod. Igi àti eruku. Ó ti kú."

Catriona, tó ṣì gbé gílàsì tirẹ̀ sẹ́nu imú, yíjú wò ó. Netta kò yẹjú. Ọ̀dọ́bìnrin náà gbé gílàsì rẹ̀ kalẹ̀, ó tẹ́ ìwé sórí àgbá kejì, ó sì fi ibi tí wọ́n máa fọwọ́ sí hàn wọ́n. Ìwé pé kí wọ́n da ọtí náà nù ni. Dod kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, Netta sì fọwọ́ sí i lẹ́yìn rẹ̀. Aago méjìlá kò tíì lù tó fi dúró síbi tí bọ́ọ̀sì ti ń gbérò.

Oṣù kọkànlá ni Dod kú. Netta lọ síbi ìsìnkú nítorí pé ẹnu àwọn ará Corrieburn kì í sinmi. Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín tán, wọ́n kó wọnú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń pín tíì àti búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹran há láàárín. Rhoda wá jókòó tì í.

"O ṣeun tó o wá lọ́jọ́ yẹn," ó wí. "Nígbà tó dé, ó jókòó sí ilé ìdáná pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, kò bọ́ ọ títí di alẹ́. Mo ní, 'Ó lè jẹ́ pé inú ló ń bí i tó fi sọ bẹ́ẹ̀ o.' Dod ní rárá, ó ní, 'Netta kì í purọ́. Ohun tí mo ṣe ló ba ọtí Bàbá jẹ́ débẹ̀.' Títí tó fi kú, kò dárúkọ àgbá yẹn mọ́."

Netta la ẹnu. Rhoda ń wò ó, ó ń dúró. Ní àkókò náà ni àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì dé pẹ̀lú ìkòkò tíì ńlá, wọ́n bi í bóyá ó fẹ́ sí i. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, díẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa fi bù ú tán, ẹlòmíràn ti wá di Rhoda lọ́wọ́ mú láti bá a kẹ́dùn, Netta sì mu tíì náà bó ṣe gbóná tó, ó wọ kóòtù rẹ̀, ó sì bọ́ sí ìta lọ wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Keith.