Àyè Ọjọ́ Ikú Bàbá Akíntúndé

Olúyẹ́misí ò tíì rí i rí, kí ẹni tó wà láyé fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá síbi tí wọ́n ti ń kọ ìtàn òkú, kó ní kí wọ́n kọ tòun náà. Bàbá Akíntúndé, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ló wọkọ̀ láti Oǹdó wá bá a ní ọ́fíìsì ní Àkúrẹ́. Ó gbé fọ́tò rẹ̀ kalẹ̀, ó gbé bébà méjì tì í. Ọdún ìbí wà níbẹ̀, iṣẹ́ wà níbẹ̀, oyè ìjọ ò gbẹ́yìn. Ìlà tó kẹ́yìn ní "Ó kú ní ọjọ́", Bàbá wá fi àyè sílẹ̀ síwájú rẹ̀.

Ìwé àwọn ẹni iyì ìpínlẹ̀ Oǹdó tó ti lọ ni wọ́n ń kọ, torí Èkìtì ti gba ìpínlẹ̀ tiwọn, wọ́n ti kẹ́rù kúrò lára Oǹdó, ó sì yẹ kí àwọn tó kù mọ ẹni tí wọ́n ní.

"Bàbá, òkú nìkan là ń gbà o," Olúyẹ́misí fi ṣẹ̀fẹ̀.

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀. Ìgbà wo lẹ máa gbé e fún atẹ̀wé?"

"Ìparí oṣù yìí, sà."

"Ó tó. Àyè yẹn á ti kún kó tó dìgbà náà."

Ọmọbìnrin náà bi í léèrè. Kí ló ń lé Bàbá? Adébáyọ̀ ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti kú, tí wọ́n jọ fọwọ́ ara wọn po amọ̀ ilé ìwé kan ní Oǹdó. Ìtàn Adébáyọ̀ ti wà nínú ìwé náà, ìtàn náà sì ní Adébáyọ̀ nìkan ló dá ilé ìwé náà sílẹ̀. Olúyẹ́misí ní òun á fi orúkọ Bàbá kún ìtàn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Mi ò ní ṣe àlejò nínú ilé tí mo bá wọn kọ́," ni Bàbá wí, ó sì dìde.

Lọ́sẹ̀ kejì, Moríyọ̀ ọmọ Bàbá rí nọ́ńbà ọ́fíìsì wọn lápò Bàbá, ó pe Olúyẹ́misí lórí fóònù: Bàbá ti pín aṣọ rẹ̀, kò sì jẹun mọ́, kò sì sọ ìdí fẹ́nì kan. Ẹ̀rù ba Olúyẹ́misí gidi. Ó yáa pe Bàbá, ó purọ́ pé fọ́tò inú ìwé ò tíì pé, ìwé náà di oṣù tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an ni Bàbá jẹ iyán. Bó ṣe di pé ó ń sún ọjọ́ ìwé náà síwájú lóṣooṣù nìyẹn. Ta ló sọ fún un pé irọ́ ń dá ikú dúró?

Àwọn ẹbí òkú tó ń retí ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ọ̀gá rẹ̀, ará Ọ̀wọ̀ kan tí kì í gba gbẹ̀rẹ́, gbé fáìlì náà fún atẹ̀wé fúnra rẹ̀, ti Bàbá sì wà nínú rẹ̀. Atẹ̀wé pè: "Àǹtí, ẹnì kan ò lọ́jọ́ ikú o. Tẹ́ ò bá fún wa títí ọ̀la, a máa yọ ọ́."

Olúyẹ́misí sáré wọkọ̀ Oǹdó, ó fẹ́ lọ bẹ Bàbá kó gbàgbé ìwé yìí. Ó bá a níwájú ilé, ó ń jẹ iyán, ara rẹ̀ le.

"Wá jẹun, ọmọ mi."

"Á gba ibi ire o, sà."

"Ṣé wọ́n ti gbé e lọ?"

"Rárá o, sà. Ó tún di oṣù tó ń bọ̀."

Bàbá wo ojú rẹ̀ pẹ́. Ọdún márùndínlógójì ló fi kọ́ ọmọ olọ́mọ níwèé, kò sírú irọ́ tí wọn ò pa fún un rí. Ó ṣan ọwọ́, iyán ò tíì dé ìdajì. Ó yọ báírò àti ẹ̀dà bébà rẹ̀ lápò, ó fọwọ́ lé àyè tó kẹ́yìn.

"Ọjọ́ kélòó lònìí?"

Olúyẹ́misí nawọ́ kó gba báírò náà. Moríyọ̀, tí kò mọ nǹkan kan, ló dáhùn láti ilé ìdáná:

"Ọjọ́ kẹtàdínlógún ni, Bàbá."