Ọmú Tí Wọ́n Ní Ó Ti Gbẹ

“Ọmú yìí ò ní nǹkan kan nínú,” ni Sístà Olúgbádé, nọ́ọ̀sì àgbà wọ́ọ̀dù náà, wí. Ó ti fi ìka méjì tẹ ọmú Kúlísúmù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹni tó ń wò ó bóyá ìbẹ́pẹ ti rọ̀, ó sì ń fi òwú nu ìka náà. “Gbígbẹ ló gbẹ. Àwọn tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ fún kì í ní omi ọmú. Má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú.”

Kò tíì pé ogún wákàtí tí wọ́n gbé Kúlísúmù jáde ní yàrá iṣẹ́ abẹ. Ọjọ́ méjì ló fi rọbí nílé kí Jìbírílù ọkọ rẹ̀, télọ̀ kan tó ń ránṣọ nítòsí mọ́ṣáláṣí àárín ìlú Ọ̀wọ̀, tó rí ọkọ̀ tó gbé e wá sí ilé ìwòsàn ìjọba. Ikùn rẹ̀ ń ta á bí ẹni tí wọ́n fi iná sí lára, ẹ̀ẹ̀kan péré ló sì tíì rí ọmọbìnrin tí ó bí.

“Ẹ jọ̀ọ́, Sístà, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e wá, kí n kàn gbé e dání.”

“Kí ó fi ẹsẹ̀ ta ojú ọgbẹ́ rẹ, kí á tún bẹ̀rẹ̀ sí í rán ọ bí aṣọ? Ọmọ ti mu mílíìkì, ó yó, ó sùn. Kí ni ìyá tún ń wá lẹ́yìn ìyẹn?”

Nínú wọ́ọ̀dù yẹn, bí Sístà bá ń sọ̀rọ̀, dídákẹ́ ni àwọn aláìsàn ń dákẹ́, òun náà sì gbà pé ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi ń wọ òun.

Ní ọjọ́ kejì, Ọ̀gbẹ́ni Boniface dé. Aṣojú ilé iṣẹ́ kan tó ń ta mílíìkì ọmọdé ni. Aṣọ funfun gígùn bíi ti dókítà ló wọ̀, bẹ́ẹ̀ bàtà ló ń tà kí ó tó di pé ó ń ta mílíìkì. Sístà fúnra rẹ̀ ló mú un káàkiri. Ọ̀gbẹ́ni Boniface fún ìyá kọ̀ọ̀kan ní agolo mílíìkì kan àti kàlẹ́ńdà kan tí wọ́n ya ọmọ òyìnbó kan tó sanra sí, ó ń sọ pé ilé iṣẹ́ àwọn fẹ́ràn àwọn ìyá. Ó fẹ́ràn Sístà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun ló gbé fíríìjì tó wà ní pálọ̀ Sístà wá. Òun náà ló mú un lọ sí Èkó fún ọjọ́ mẹ́ta ní ọdún tó kọjá, sí òtẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n ti ń fún àwọn nọ́ọ̀sì àgbà ní adìyẹ díndín láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Ẹ̀kọ́ nípa ìtọ́jú ọmọ ni wọ́n pè é. Sístà Olúgbádé fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kọ́ ògiri ọ́fíìsì.

Ọjọ́ kẹta ni Ṣẹ̀fíátù, ìyá Kúlísúmù, ti Upenmen, abúlé kan nítòsí Ọ̀wọ̀, wọlé dé. Àgbẹ̀ ni. Ọmọ mẹ́fà ló bí, ọmú rẹ̀ náà ni gbogbo wọn mu. Ó gbé ògì gbígbóná wá nínú fúláàsì, ó sì mú tówẹ̀lì mímọ́ kan dání. Ó rẹ tówẹ̀lì náà sínú omi gbígbóná, ó fún un, ó tẹ́ ẹ lé àyà ọmọ rẹ̀, ó wá ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra ọmú náà díẹ̀díẹ̀ láti abẹ́ apá wá sí iwájú. Nígbà tó ṣe, ẹ̀kán omi kan yọ lórí ọmú, ó pọ́n díẹ̀, ó sì ki.

“Wò ó,” ni Ṣẹ̀fíátù wí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. “Ó ń bọ̀. Ẹ bá wa gbé ọmọ wá kí ó fà á.”

“Kí ni ìwọ ń ṣe níbẹ̀ yẹn?”

Sístà ló dé. Ó pe ẹni tó lè bí i lọ́mọ ní ìwọ, kò sì fura pé òun ṣe ohunkóhun. Ṣẹ̀fíátù fi èdè Ọ̀wọ̀ ṣàlàyé. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni Sístà, ìlú náà ni wọ́n ti bí ìyá àti bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló fi dá obìnrin náà lóhùn, tó tún bojú wẹ̀yìn wo Bọ́lá pé kí ó túmọ̀ rẹ̀. Bọ́lá, nọ́ọ̀sì kékeré tó ti Ìkàrẹ́ wá, tẹjú mọ́lẹ̀.

“Wọ́n ní omi ẹlẹ́gbin ni ìyẹn, Màmá. Wọ́n ní kí ẹ kó omi yín jáde.”

“Ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tí ìjọba ṣe yìí ló kó irú wọn wọ ibí,” ni Sístà wí, ní Yorùbá báyìí, kí ó lè yé gbogbo wọ́ọ̀dù.

Ní ọjọ́ karùn-ún, nígbà tí Sístà lọ jẹun ọ̀sán, Bọ́lá gbé ọmọ náà wá lábẹ́ aṣọ. Kúlísúmù gbé e mọ́ra, ó fi ọmú sí i lẹ́nu. Ọmọ náà yí orí kúrò, ó ń ké. Rọ́bà fídà ló ti mọ́ ọn lẹ́nu. Kí wọ́n tó lè tún un gbìyànjú, bàtà Sístà ti ń dún bọ̀, Bọ́lá sì gba ọmọ padà kíá. Kúlísúmù di bọ́tìnnì rẹ̀. Ó gbà pé òótọ́ ni Sístà sọ, pé ọmú òun ti gbẹ, ọmọ òun sì ti kọ òun.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, wọ́n ní kí Kúlísúmù àti ọmọ rẹ̀ máa lọ sílé. Sìlífátù ni wọ́n sọ ọmọ náà. Agolo ọ̀fẹ́ tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọdún 1982 ni. Ìjọba ti ní kí wọ́n má kó ọ̀pọ̀ ọjà òkè òkun wọlé mọ́, mílíìkì ọmọdé sì ti di ohun tí ènìyàn ń wá láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Jìbírílù dé Ifọ̀n kí ó tó rí ẹyọ kan rà. Wọ́n kọ ọ́ sára agolo pé ṣíbí mẹ́rin ni kí wọ́n bù sí fídà. Kúlísúmù bu méjì kí agolo náà má baà tètè tán. Nígbà tó yá, ó ń bu ọ̀kan. Ohun tó wà nínú fídà wá dà bí omi tí wọ́n fi fọ ìrẹsì.

Ṣẹ̀fíátù kò padà sí oko. Láràárọ̀, tówẹ̀lì gbígbóná. Lẹ́yìn rẹ̀, ògì. Tó bá di ọ̀sán, ọbẹ̀ ẹja tútù àti ẹ̀pà tí ó fi tipátipá mú kí Kúlísúmù jẹ. Ó ní kí Kúlísúmù fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí ó tẹ́ ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹsẹ̀ ọmọ náà má baà kan ojú ọgbẹ́. Ó kán mílíìkì sórí ọmú kí ọmọ lè gbà á lẹ́nu. Bí ó bá mu apá kan, wọ́n á yí i sí èkejì. Ẹ̀yìn ìyẹn ni fídà. Ìjà ni lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ọmọ ń ké, ìyá náà ń sunkún. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọ náà ń fà á. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, iwájú aṣọ Kúlísúmù bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo aṣọ náà, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ayọ̀ yìí ló gbé lọ fún Sístà ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, nígbà tó lọ wọn ọmọ ní ilé ìwòsàn.

“Omi ọmú mi ti ń wá, Sístà.”

Sístà wo ìwọ̀n. “Ọmọ rẹ fúyẹ́. Omi lásán ni ọmú rẹ, kò ní agbára, o wá ń pa á pọ̀ mọ́ agolo. Ìyẹn ló ń da inú rẹ̀ rú. Fi ọmú sílẹ̀. Wá ọ̀já di àyà rẹ pinpin kí omi ọmú náà lè lọ.” Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, ó sì ta agolo méjì fún un. Wọ́n ti fi bíléèdì ha ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ọ̀fẹ́ ni.

Nílé, Ṣẹ̀fíátù di ọ̀já náà mú. “Ọmú tí omi ti ń wá nínú rẹ̀ yìí ni o fẹ́ dì?”

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́,” Jìbírílù bẹ̀ ẹ́. “Obìnrin náà kàwé. Kí ni àwa fẹ́ sọ fún un?”

Ṣẹ̀fíátù jọ̀wọ́ ọ̀já náà, Kúlísúmù sì fi di àyà.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ìgbẹ́ gbuuru mú Sìlífátù. Ó ń bì, ó ń yàgbẹ́, ojú rẹ̀ sì wọnú. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ilé ìwòsàn, àwùjẹ̀ rẹ̀ ti jìn. Wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé kún, wọ́n sì gbé wọn sí bẹ́ẹ̀dì kan ní ìkángun wọ́ọ̀dù àwọn ìyá. Bọ́lá wá iṣan tí yóò fa omi sí, kò tètè rí i.

Kọ́tìnnì kan pààlà láàárín bẹ́ẹ̀dì wọn àti èyí tó tẹ̀ lé e. Adéfúnkẹ́ ló wà níbẹ̀, ọmọ Sístà, tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún lánàá. Kúlísúmù gbọ́ tó sọ pé, “Mọ́mì, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fún un ní agolo.”

“Ta ni yóò fún ọmọ-ọmọ mi ní agolo?” Ohùn Sístà ni, ṣùgbọ́n Kúlísúmù kò gbọ́ ọ jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. “Ó wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ fún, tirẹ̀ máa ń pẹ́ díẹ̀ ni. Omi pupa yìí ló dára jù, má jẹ́ kí ẹ̀kán rẹ̀ ṣòfò. Jẹ́ kí ó máa fà á. Fífà tó ń fà á yẹn ló máa mú un wá. Fi ìrọ̀rí bo ikùn rẹ, kí ó má kan ojú ọgbẹ́. Ẹ̀ẹ́n. Bẹ́ẹ̀.”

Kúlísúmù dìde, ó ká kọ́tìnnì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Abọ́ omi gbígbóná wà nílẹ̀, tówẹ̀lì wà nínú rẹ̀. Sístà fi ọwọ́ kan gbé orí ọmọ ró.

“Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí, Sístà?”

“Padà sídìí ọmọ rẹ.”

“Ẹ ní àwọn tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ fún kì í ní omi ọmú.”

“Ọmọ mi nìyí,” ni Sístà dá a lóhùn. Kò pariwo, kò sì tijú. Lójú tirẹ̀, gbólóhùn yẹn ti parí ọ̀rọ̀.

Kúlísúmù padà sídìí ọmọ rẹ̀. Ó tú ọ̀já kúrò láyà, ó gbé Sìlífátù mọ́ra, ó fi ọmú sí i lẹ́nu. Ọmọ náà kò yí orí kúrò lọ́tẹ̀ yìí. Ó la ẹnu, kò sì ní agbára láti pa á dé. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà títí ilẹ̀ fi mọ́, ó sì kú ní agogo mẹ́wàá àárọ̀. Jìbírílù fi aṣọ funfun tí òun fúnra rẹ̀ gé wé e, òun àti ìyàwó rẹ̀ gbé e lọ sílé kí wọ́n lè sin ín kí ìrun Àsárì tó kọjá.

Ṣẹ̀fíátù ló dúró gba ìwé ikú ọmọ náà. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì ọ́fíìsì, lábẹ́ ìwé ẹ̀rí Èkó. Sístà ń sọ ohun tí Bọ́lá yóò kọ, ó ń sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Níbì kan, Bọ́lá dá ọwọ́ dúró.

“Ṣé ohun tí ẹ ní kí n kọ nìyẹn, Mà?”

“O ò gbọ́ ni?”

Bọ́lá kọ ọ́.

“Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀, ọmọ mi?” ni Ṣẹ̀fíátù bi í.

Bọ́lá wo Sístà, ó wo ìyá àgbà náà. “Wọ́n ní ìyá rẹ̀ kọ̀ láti fún un lọ́mú, Màmá.”

Sístà Olúgbádé fa ìwé náà mọ́ra, ó fọwọ́ sí i, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó sì yára jáde. Àkókò tó yẹ kí ọmọ Adéfúnkẹ́ mu ọmú ti tó.